Nọ́ńbà Méjì Inú Àpótí Ooru

"Àǹtí, ṣé ọjọ́ ìbí mi ni ẹ kọ sínú wọn?"

Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè yìí ti wà lẹ́nu Jẹ́jẹ́ kó tó jáde. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà nígbà náà, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í, ìdí sì nìyẹn tí àwọn ará ilé fi ń pè é ní Jẹ́jẹ́. Ó jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ nínú yàrá iṣẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ilẹ̀. Àǹtí rẹ̀ ń fi irin gbígbóná lẹ wáyà mọ́ra. Bó ṣe gbọ́ ìbéèrè yẹn, ọwọ́ rẹ̀ dúró lójú kan. Òjé tó ti yọ́ kán sórí tábìlì, ó dì, ó di róbótó bí ojú ẹja.

"Ta ló ní kó o bi mí?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n bi yín, mà."

"Ó dáa. Gbé báàgì rẹ. Ìyá rẹ á ti máa retí rẹ."

Gbogbo èsì tó gbà nìyẹn. Ojú ti Jẹ́jẹ́ débi pé ó ti jáde sí títì kó tó mọ̀ pé bàtà kan ṣoṣo ló wà lẹ́sẹ̀ òun, ojú sì tún tì í láti padà lọ mú ìkejì. Ó rìn délé bẹ́ẹ̀, ó ń tiro, bí adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó bá bàtà náà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ti nù ún, ó ti kun ún, ó ti so okùn rẹ̀ dáadáa. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ní ilé ìwòsàn tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, bóyá la fi rí ẹni tó rántí orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Àǹtí Má-fọwọ́-kàn-án ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn bí èèyàn bá ti sún mọ́ wáyà tàbí bọ́tìnnì kan. "Má fọwọ́ kàn án!" Nọ́ọ̀sì ni o, dókítà ni o, àlejò tó ṣìnà ni o, ohun kan náà ni wọ́n máa gbọ́. Ọkùnrin tó ń bójú tó iná mànàmáná gbogbo ilé ìwòsàn náà, Ọ̀gá Oníná, ẹni tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, kì í jẹ́ kó sinmi.

"Àǹtí, ó ti rẹ̀ mí. Ṣé wọ́n ń fọwọ́ kan àga yìí?"

"Fìdí kàn án. Má fọwọ́ kàn án."

Ọ̀gá Oníná á rẹ́rìn-ín títí àga náà á fi máa dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Àǹtí kì í bá a rẹ́rìn-ín. Á kàn dorí kodò padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wò ó dáadáa á rí i pé igun ẹnu rẹ̀ ti ká sókè díẹ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé àwọn àpótí ooru ò ṣàìsàn. Àpótí onígíláàsì ni wọ́n, ibẹ̀ ni wọ́n ń tẹ́ àwọn ọmọ tó kánjú wáyé sí, títí ara tiwọn fúnra wọn á fi mọ bí wọ́n ṣe ń gbóná. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni sẹ́ńsọ̀ kan wà, ohun dúdú kékeré tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó ní wáyà tín-ínrín mẹ́ta nídìí. Òun ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ooru inú àpótí ṣe tó, kọ̀ǹpútà á sì gbé e sórí síkírínì kí àwọn nọ́ọ̀sì lè rí i láti orí ìjókòó wọn.

Ilé ẹ̀kọ́ Jẹ́jẹ́ ò jìnnà síbẹ̀, ìyá rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà yàrá iṣẹ́ Àǹtí ni ọmọ náà máa ń dúró sí bí wọ́n bá ti jáde. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń gbé. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni bàbá Jẹ́jẹ́ fún àbúrò rẹ̀ láti ìgbà tó ti kúrò nílé ọkọ. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe súnmọ́ra tó yìí, nǹkan kan wà láàárín wọn bíi gíláàsì ara àpótí. Àǹtí kì í lù ú, kì í jágbe mọ́ ọn. Kì í sì í fà á mọ́ra. Bí ọjọ́ ìbí Jẹ́jẹ́ bá pé, tí ilé kún fún ariwo àwọn ọmọ, Àǹtí á ti jáde lọ síbi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jí, ìgbà tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ tán ló máa wọlé. Ẹ̀bùn tirẹ̀ á dé lọ́jọ́ kejì, yóò kàn bá a lórí ìrọ̀rí: pẹ́ńsù aláwọ̀ mèremère, ìwé ìtàn, ìbọ̀sẹ̀.

Lọ́dún kan, Jẹ́jẹ́ sunkún nítorí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó tì í lórí ibùsùn.

"Má bá àǹtí rẹ bínú, ọkọ mi. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ. Láti ọjọ́ tí mo ti bí ọ, kò tíì gbé ọ rí, ṣùgbọ́n..."

Ó dìde lójijì, ó pa iná.

"Ṣùgbọ́n kí ni, mọ́mì?"

"Sùn."

Ọmọ tí wọ́n bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún, ṣé ó máa sùn? Kò tíì gbé ọ rí. Láti ọjọ́ yẹn ni Jẹ́jẹ́ ti ń wá ohun kan, ohun kékeré kan tó lè fi mọ̀ bóyá àǹtí rẹ̀ fẹ́ràn òun. Ó sì rí i níbi tí kò sẹ́ni tó máa wò: lórí síkírínì.

Lábẹ́ ooru àpótí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà méjì wà níbẹ̀, wọ́n kéré débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn. Méje. Mọ́kànlá. Àpótí àkọ́kọ́, méje àti mọ́kànlá. Èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbogbo wọn pátá.

"Àǹtí, kí ni nọ́ńbà kéékèèké yìí wà fún?" Ìbéèrè yẹn ò le láti bi í, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló sì máa ń tú Àǹtí lẹ́nu.

"Ṣó o mọ ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé ẹ̀kọ́ yín?"

"Mo mọ̀ ọ́n, mà."

"Bó bá sùn lẹ́nu iṣẹ́, tó wá jí, tó o bi í, kí ló máa sọ?"

"Á ní òun ò sùn."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Á tún búra lé e. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ńsọ̀ yìí. Bí iná bá ṣẹ́jú, á kú. Bí iná bá padà, á jí. Kò ní sọ fún ọ pé òun kú o. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lajú, tí kò tíì wọn ohunkóhun, márùndínláàdọ́rùn-ún dígírì ló máa ń pè. Ọ̀rọ̀ ojú oorun ni. Ọmọ wo ló máa wà nínú ooru bẹ́ẹ̀? Omi tó kù díẹ̀ kó hó nìyẹn. Nítorí náà, gbogbo àwa tá à ń ṣe iṣẹ́ yìí, a kọ́ kọ̀ǹpútà pé bó bá gbọ́ márùndínláàdọ́rùn-ún, kó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Kó di èyí tó gbọ́ kẹ́yìn mú, kó máa gbé e síta lọ."

"Ṣé ìyẹn ò dáa ni, mà?"

Àǹtí nàka sí síkírínì.

"Ó dáa lójú síkírínì. Ṣùgbọ́n bí iná bá ń ṣẹ́jú ní gbogbo ìgbà ńkọ́? Á jí, kó tó wọn ooru tán, á tún kú. Á tún jí, á tún kú. Ọ̀rọ̀ ojú oorun nìkan ni kọ̀ǹpútà á máa gbọ́, kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Ooru àárọ̀ lá ṣì máa gbé síta nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú." Ó gbé ìkúùkù rẹ̀ sókè. "Nítorí náà, mo fún ọdẹ náà ní òkúta wẹ́wẹ́ dì mú. Bó bá sùn, ọwọ́ rẹ̀ á tú, òkúta á já bọ́. Àyè kékeré méjì wà nínú sẹ́ńsọ̀ téèyàn lè kọ nǹkan sí. Mo kọ nọ́ńbà méjì síbẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́jú báyìí, wọ́n ti parẹ́ nìyẹn, nọ́ńbà tí wọ́n bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é á padà síbẹ̀. Ìgbàkigbà tí kọ̀ǹpútà bá bi í pé ooru ńkọ́, á tún bi í pé òkúta ọwọ́ rẹ ńkọ́? Bí kò bá ti lè sọ ọ́, agogo á dún."

"Ṣé nọ́ńbà èyíkéyìí lèèyàn lè kọ, mà?"

"Èyíkéyìí tó bá ti yàtọ̀ sí ti ilé iṣẹ́."

Inú Jẹ́jẹ́ ń dùn ṣìnkìn. Ọjọ́ keje oṣù kọkànlá ni wọ́n bí i. Nínú gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé, tirẹ̀ ni Àǹtí mú! Ẹni tí kò gbé e rí fi ọjọ́ ìbí rẹ̀ sínú gbogbo àpótí, ó ń bi wọ́n léèrè rẹ̀ tọ̀sán tòru, agogo á sì dún bí ọ̀kan bá gbàgbé. Ó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà sọ́kàn bí ọmọ ṣe ń tọ́jú súùtì sábẹ́ ahọ́n, kí ó má tètè tán. Ìgbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́ ló bi ìbéèrè ọjọ́ bàtà. Èsì tí kò rí gbà yẹn sì dùn ún, ṣùgbọ́n kò gba súùtì náà lẹ́nu rẹ̀. Àǹtí ò kúkú sọ pé rárá.

Ó ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí agogo dún lójú rẹ̀. Ọ̀sán kan tí òjò ń rọ̀ ni, òtútù mú débi pé àwọn nọ́ọ̀sì wọ súwẹ́tà. Nọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé síbẹ̀ gbójú sókè wo síkírínì, ó pòṣé.

"Agogo Àǹtí ti tún bẹ̀rẹ̀ irọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó, mẹ́rìndínlógójì, kò lọ sókè, kò lọ sílẹ̀. Ara ọmọ le koko."

Kó tó pa ẹnu dé, Àǹtí ti sáré kọjá lára rẹ̀. Ó ṣí àpótí náà, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ inú rẹ̀, ẹsẹ̀ tí kò ju àtàǹpàkò àgbà lọ.

"Ó ti ń tutù. Ìyá rẹ̀ dà? Ìyá ọmọ dà?"

Wọ́n pe ìyá ọmọ, ọ̀dọ́bìnrin kan. Wọ́n tẹ́ ọmọ náà sáyà rẹ̀, ara kan ara, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọ̀gá Oníná dé, ó fa àpótí síwájú, ó yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti jó dúdú. Ó ti ń mì nínú ihò rẹ̀, ó ń gba iná, ó ń tú u sílẹ̀, gbogbo ìgbà tí iná bá sì ti lọ ni ẹ̀rọ tó ń mú ooru wá máa ń pa ara rẹ̀, tí á dúró de ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ tàn. Ọ̀gá Oníná yí púlọ́ọ̀gì náà lọ́wọ́ síwá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ yẹn, kò ṣe àwàdà kankan.

Ara ọmọ náà padà gbóná kí òjò tó dá. Ìyá rẹ̀ ń wá ẹni tó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí i. Jẹ́jẹ́ ló rí i. Àǹtí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó fi súwẹ́tà bo ojú, èjìká rẹ̀ ń sọ sókè sódò láìsí ohùn.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, mà," ni Jẹ́jẹ́ sọ. Kò sì gbójúgbóyà láti fọwọ́ kàn án.

Màtírọ́ọ̀nù, àgbà nọ́ọ̀sì tí irun rẹ̀ ti funfun, ló fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Kì í ṣe ọmọ òní ló ń sunkún lé."

"Ọmọ wo ni, mà?"

Ìyá àgbà náà mí kanlẹ̀. "Tirẹ̀ náà wà nínú àpótí kan rí, níbí yìí. Síkírínì ní ara ọmọ dáa. Gbogbo wa là ń wo síkírínì, tá à ń sọ pé ara ọmọ dáa. Ìgbà tá a fọwọ́ kàn án..." Ó gbọn orí. "Kò sí agogo nígbà náà. Òun nìkan ló sì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ilé yìnyín tí wọ́n ń kó ẹja sí ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, bẹ́ẹ̀ náà làwọn náà ṣe kọ́ kọ̀ǹpútà tiwọn pé bí sẹ́ńsọ̀ bá sọ ọ̀rọ̀ ojú oorun, kó ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Lọ́dọ̀ ẹja, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Àwọn èèyàn ń wá kí i: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kò pẹ́ ni ọkọ rẹ̀ wá agbè mìíràn lọ. Òun wá síbí, ó ní ká fún òun ní iṣẹ́."

"Nígbà wo nìyẹn, mà?"

Màtírọ́ọ̀nù wo ojú ọmọ náà, ó wò ó pẹ́.

"Ìyẹn, ẹnu rẹ̀ ni kó o ti gbọ́ ọ."

Ṣùgbọ́n Jẹ́jẹ́ ò bi í. Ohun kan ti ń tutù nínú òun náà, bí ẹsẹ̀ ọmọ yẹn. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé nọ́ńbà òun ṣì ni. Ó di èyí tó gbọ́ kẹ́yìn mú.

Ó wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn nígbà tí àwọn àpótí tuntun dé. Wọ́n dára, wọ́n ń dán, wọ́n ní bátìrì nínú, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ nǹkan sínú wọn. Wọ́n tò wọ́n sí yàrá mìíràn, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀. Àwọn tó máa wá kó àwọn ti àtijọ́ dànù ń bọ̀ lọ́sàn-án. Lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Àǹtí kan ilẹ̀kùn Jẹ́jẹ́, ohun tí kì í ṣe.

"Bẹ́ ẹ bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, wá ràn mí lọ́wọ́."

Yàrá àtijọ́ ti ṣófo nígbà tó débẹ̀. Oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé, ó tàn sára àwọn gíláàsì tí kò sí ọmọ nínú wọn. Lórí síkírínì, méje àti mọ́kànlá ṣì wà lábẹ́ gbogbo wọn.

"Máa yọ púlọ́ọ̀gì wọn," ni Àǹtí wí. "Ọwọ́ mi ń dùn mí."

Jẹ́jẹ́ mọ̀ pé kò sóhun tó ṣe ọwọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ti àkọ́kọ́. Lórí síkírínì, ìlà kan di òfìfo. Ó yọ èkejì. Bó ṣe ń yọ wọ́n lọ ni nọ́ńbà náà ń parẹ́, agogo á dún, Àǹtí á pa á, agogo á tún dún, Àǹtí á tún pa á. Nígbà tó kan èyí tó wà nígun yàrá, tó ku òun nìkan, Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí i.

"Má fọwọ́ kàn án."

Ohùn náà kéré débi pé kò jọ ti Àǹtí. Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn, ikùn Ọ̀gá Oníná yọjú kí orí rẹ̀ tó yọ.

"Àǹtí, àwọn tó fẹ́ kó wọn ti dé o. Wọ́n ní..." Ó rí ojú rẹ̀. "Wọ́n á dúró," ló wí, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Àǹtí tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí gíláàsì àpótí náà.

"O bi mí ní ìbéèrè kan rí."

"Mo rántí, mà."

"O gbàgbé bàtà rẹ."

"Ẹ bá mi kun ún." Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, ṣùgbọ́n kò dé ẹnu.

"Kì í ṣe tìrẹ, Jẹ́jẹ́."

Jẹ́jẹ́ wolẹ̀. Ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó kàn jẹ́ pé kò tíì sẹ́ni tó sọ ọ́ síta. Ó dùn ún bíi pé kò mọ̀ ọ́n rárá.

"Ọjọ́ kan náà la bí yín, ìwọ àti òun. Ìyá rẹ bí ọ láàárọ̀, oṣù rẹ pé. Èmi bí i nírọ̀lẹ́, oṣù tirẹ̀ ò pé. Ìyá rẹ gbé ọ wálé, èmi náà padà sílé, mi ò gbé nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo bá fẹ́ gbé ọ, bí mo bá na ọwọ́ kan sí ọ, èkejì á máa wá òun. Mo wá ń káwọ́ méjèèjì kò." Ó nu ojú. "Wọ́n ní omi ló dànù. Ṣùgbọ́n omi yẹn ní ọjọ́ ìbí. Wọn ò kọ ọ́ síbì kankan tí mo lè rí i. Mo bá kọ ọ́ síbí."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀, ó di púlọ́ọ̀gì náà mú, ó sì fà á yọ. Ìlà tó kẹ́yìn di òfìfo. Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú yàrá tí kò sí ọmọ kankan. Lọ́tẹ̀ yìí, Àǹtí ò pa á. Jẹ́jẹ́ ló lọ pa á. Ó dúró níbẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí àǹtí rẹ̀, ó sì bi í ní ohun tó ti fẹ́ mọ̀ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kan ilẹ̀.

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Ìwọ?" Ọwọ́ kan bà lé e léjìká, lẹ́yìn náà ìkejì. Wọ́n tutù. "Ìwọ, mi ò kọ ọ́ síbì kankan. Ìwọ, bí mo bá pè ọ́, o máa ń dáhùn."